Bí ẹ ṣe lè yan ibi tí ẹ máa pàgọ́ sí ní ìgbèríko Midwest: alágọ̀ọ́, ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ àti oní-RV

Gbàrà tí òjò dídì bá ti yọ́ tán lọ́dọ̀ wa níbí, ìbéèrè kan náà ló máa ń rọ́ wọ inú fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́? Ẹ bá mi fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́." Tẹ́lẹ̀, màá fi orúkọ ránṣẹ́. Tó bá yá, wọ́n á tún pè: ilẹ̀ ibẹ̀ da gẹ̀rẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wọ́n jinná nínú àgọ́. Bẹ́ẹ̀ páàkì tí èmi lọ gan-an ni wọ́n lọ. Nọ́ńbà sáìtì ló yàtọ̀.

N ò fi orúkọ nìkan ránṣẹ́ mọ́. Sáìtì lẹ fẹ́ yàn, kì í ṣe páàkì. Sáìtì ni àyè kékeré tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó sábà máa ń ní tábìlì onígi àti òrùka irin tí wọ́n ń dáná sí, ibi tí ẹ máa sùn sí. Páàkì olókìkí lè ní ogún sáìtì tí kò dáa. Páàkì tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì lè ní ọ̀kan tí àwọn ọmọ á máa sunkún tí ẹ bá ní kí ẹ máa lọ sílé.

Àwa tí a wà ní Midwest Amẹ́ríkà, ní Chicago, Indianapolis, Minneapolis, Columbus, Des Moines àti agbègbè wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí kí ẹ tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì

- Ẹ̀yin mélòó lẹ ń lọ? Ní ọ̀pọ̀ páàkì ìjọba, ènìyàn 6 tàbí ìdílé kan ni wọ́n ń gbà sórí sáìtì kan. Bí ẹ bá jẹ́ ìdílé mẹ́rin láti ìjọ kan náà, sáìtì ẹgbẹ́ lẹ máa wá, kì í ṣe sáìtì kan tí ẹ máa fún ara yín pọ̀ sí.
- Ṣé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn wà níbẹ̀? Ṣé ọmọ tó ń jí tọ̀ lóru wà níbẹ̀?
- Ṣé ẹnì kan nílò iná mànàmáná lóru, bóyá ẹ̀rọ tó ń bá a mí, tàbí òògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì?
- Kí lẹ máa sùn sí: àgọ́, RV (ọkọ̀ tàbí tírélà tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú), tàbí ilé onígi kékeré?
- Wákàtí mélòó làwọn ọmọ lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀? Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má kọjá wákàtí méjì sílé. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ lè padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín lóru ọjọ́ náà, ojú ò sì ní tì yín.

Irú ibùdó tó wà, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu

*Páàkì ìpínlẹ̀.* Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ sábà máa ń wà, òṣìṣẹ́ máa ń rìn káàkiri, sáìtì oníná àti aláìníná sì máa ń wà pa pọ̀. Wisconsin, Michigan àti Minnesota máa ń gba owó ìwọlé ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó sáìtì. Indiana náà ń gbà á lẹ́nu géètì, owó ẹni tí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ míì sì máa ń ga jù. Ohio àti Missouri kì í gba owó ìwọlé. Ẹ ṣírò èyí mọ́ owó sáìtì kí ẹ tó sọ pé ibì kan pọ́ọ́kú.

*Ibùdó ìjọba àpapọ̀.* Oríṣi méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Èkíní ni ti Army Corps of Engineers, àwọn ẹnjiníà ológun tó ń ṣàkóso àwọn adágún tí wọ́n fi ìsédò ṣe: Lake Shelbyville àti Carlyle Lake ní Illinois, Saylorville Lake àti Lake Red Rock ní Iowa. Tí wọ́n bá ní kí n mú oríṣi ibùdó kan ṣoṣo fún ìdílé tó ní ọmọ àti RV, ti Corps ni màá mú: àyè wọn fẹ̀, iná wà, omi sì wà nítòsí. Èkejì ni igbó ìjọba, bíi Shawnee ní gúúsù Illinois, Hoosier ní Indiana, Mark Twain ní Missouri. Níbẹ̀, ṣáláńgá ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná sábà máa ń ṣàì sí, ẹ sì lè má rí omi tó ń ṣàn. Pharaoh Campground tó wà lẹ́bàá Garden of the Gods ní Shawnee rẹwà gan-an, àmọ́ sáìtì 12 péré ló ní. Ẹ má kó ìyá àgbà lọ síbẹ̀.

*Páàkì county.* County dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Páàkì wọn lọ̀pọ̀ ènìyàn wa ò mọ̀. Iowa nìkan ní county 99, gbogbo wọn ló sì ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó páàkì tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sáìtì oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún kékeré, owó wọn kéré, èrò ò sì pọ̀ níbẹ̀.

*Ibùdó aládàáni.* KOA, ilé iṣẹ́ kan tó ní ibùdó káàkiri, àti irú wọn. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ilé ìfọṣọ, iná, omi àti ibi ìdalẹ̀ RV (ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí inú táǹkì rẹ̀ nù), gbogbo rẹ̀ ló wà. Àmọ́ sáìtì sábà máa ń fún mọ́ra bí ọjà Dùgbẹ̀. Ó dáa fún RV àti fún alẹ́ kan péré lójú ọ̀nà. Fún alágọ̀ọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá ẹlòmíì lẹ máa máa wò.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ wo Indiana Dunes. Páàkì ìpínlẹ̀ àti páàkì ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ara wọn ni wọ́n fara tì létí Lake Michigan. Sáìtì páàkì ìpínlẹ̀ ní iná. Dunewood, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kò ní. Yanrìn kan náà, omi kan náà. Ẹni tó kàn kọ "Indiana Dunes" sínú Google tó sì tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọ lè gbé RV dé ibi tí kò ti ní rí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ ṣe máa yan sáìtì, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

1. Ẹ mọ ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn ń ṣí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tó ń jẹ́ kéèyàn gba sáìtì sílẹ̀: Wisconsin oṣù 11 ṣáájú, Michigan oṣù 6, Minnesota ọjọ́ 120, Iowa oṣù 3. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀, lórí ìkànnì Recreation.gov, máa ń ṣí ní oṣù 6 ṣáájú. Bí ẹ bá ń wá àyè ní Michigan fún Labor Day, ìsinmi ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta lẹ máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó dúró di oṣù keje, sáìtì ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ dè é.

2. Ẹ wo ohun tó ń lọ ládùúgbò lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ìparí oṣù keje, àwọn oní-bàálù máa ń ya bo Oshkosh ní Wisconsin fún ìpàtẹ bàálù EAA AirVenture. Nínú oṣù kẹjọ, Iowa State Fair, ìpàtẹ ńlá ìpínlẹ̀ náà, máa ń gba Des Moines kan. Ẹ má wá sáìtì nítòsí wọn nígbà náà tí kì í bá ṣe pé torí wọn lẹ ṣe ń lọ.

3. Ẹ kọ ìwọ̀n yín sínú àpótí ìwákiri. Àgọ́ tàbí RV, gígùn rẹ̀, iná tàbí àìsí iná. Tí ẹ bá fo èyí, àwòrán sáìtì tí kò lè gbà yín ni wọ́n á máa fi hàn yín.

4. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ ibùdó náà. Ẹ wá ilé ìwẹ̀, kànga, ibi ìdalẹ̀ RV, ibi ìgbọ́kọ̀ ojú omi, àti ẹnu ọ̀nà. Ẹ yẹra fún sáìtì tó kọjú sí ilé ìwẹ̀ gan-an: iná rẹ̀ kì í kú, ìlẹ̀kùn rẹ̀ á sì máa gbá "gbàà" títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ yẹra fún sáìtì tó wà níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, nítorí iná ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lóru, inú àgọ́ yín ló máa tàn sí. Sáìtì kẹta tàbí ìkẹrin sí ilé ìwẹ̀ ló dára jù.

5. Ẹ wo ó láti ojú sátẹ́láìtì. Ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń gbà mí là jù, màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

6. Ẹ wo fọ́tò sáìtì náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo tábìlì: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ nínú fọ́tò, ilẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ilẹ̀: ibi tó dúdú tí koríko ò hù, omi ló máa ń dúró síbẹ̀.

7. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn. Kì í ṣe gbogbogbòò. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà. "Ẹ jọ̀ọ́, sáìtì 42 tẹ́jú àbí kò tẹ́jú? Ṣé òjò máa ń dúró síbẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ yín wá, èwo lẹ máa mú?" Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń so èso. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá sọ nọ́ńbà kan fún yín.

Ohun tí ẹ máa wá láti ojú sátẹ́láìtì

Lọ́dún kan, mo gba sáìtì kan ní ibùdó kékeré kan lẹ́yìn ìlú ní Iowa. Odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ìmọ́lẹ̀ kòkòrò tanná-tanná ń tàn káàkiri, inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá ìyàwó mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, wà nínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Aago méjì òru ni ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù dé. Kì í ṣe pé a gbọ́ ọ lókèèrè o. Ojú irin náà wà lẹ́yìn ìlà igi tó wà lẹ́yìn wa gan-an. Ìyá fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó ń pariwo pé ọjọ́ ìkẹyìn ti dé, kí gbogbo wa ronú pìwà dà. Kí ọkọ̀ ojú irin náà tó kọjá tán, mo ti ronú pìwà dà lóòótọ́.

Òfin ló mú kí ọkọ̀ ojú irin máa fọn fèrè tó bá fẹ́ dé ibi tó ti sọdá títì: gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan. Ní ìgbèríko, gbogbo títì kéékèèké tó bá sọdá ló máa fọn ọ́n fún, ọ̀sán tàbí òru. Nítorí náà:

- Ojú irin. Ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ eérú ni lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ibi tó ti sọdá títì. Bí ibẹ̀ bá wà láàárín máìlì kan sí sáìtì yín, ẹ máa gbọ́ ọ. Kódà Devil's Lake ní Wisconsin, tí gbogbo ayé ń lọ, ojú irin gba etí adágún rẹ̀ kọjá.
- Ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ní Iowa pàápàá, ẹ wá àwọn ilé gígùn olórùlé páànù funfun tó tò tẹ̀ lé ara wọn láàárín oko àgbàdo. Bí wọ́n bá wà níhà gúúsù ibùdó, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀: láti ìhà yẹn ni atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń fẹ́ wá.
- Títì márosẹ̀. Táyà tírélà kì í sùn.
- Igi níhà ìwọ̀ oòrùn. Òun ló ń ṣíji bo sáìtì lọ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá gbóná jù. Igi ìlà oòrùn náà dára fún alágọ̀ọ́ tó fẹ́ sùn kọjá aago mẹ́fà àárọ̀.
- Odò. Bí sáìtì bá wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú odò, ẹ fura. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ẹ̀ka igi: bí koríko gbígbẹ àti ike bá há sórí ẹ̀ka tó ga tó àyà yín, omi ló gbé e débẹ̀.

Fún alágọ̀ọ́

Ẹ wá ilẹ̀ tó ga díẹ̀, tó sì tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ sáìtì oníná, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i nítorí RV, èèkàn àgọ́ ò sì ní wọ ibẹ̀. Ẹ ka àpèjúwe rẹ̀ bóyá wọ́n dárúkọ koríko, ilẹ̀ lásán, tàbí pèpéle tí wọ́n ṣe fún àgọ́.

Kí ẹ tó na àgọ́, ẹ gbójú sókè. Ní ọdún 2002 ni wọ́n rí kòkòrò kan ní Michigan nítòsí Detroit, emerald ash borer lórúkọ rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń pa igi ash káàkiri Midwest. Igi náà lè ti kú tán kó ṣì dúró, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì já lulẹ̀ láìsí ìjì. Igi tí kò léwé nínú oṣù keje, ẹ má sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ páàkì, wọ́n á wá sáìtì míì fún yín.

Kòkòrò yẹn kan náà ló fà á tí ẹ ò fi gbọdọ̀ di igi ìdáná sínú búùtù láti ilé. Ní Wisconsin, igi tí wọ́n gé láàárín máìlì 10 sí páàkì náà, tàbí èyí tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, nìkan ni wọ́n gbà. Ẹ ra igi níbẹ̀. Ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n gba igi lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì lójú àwọn ọmọ.

Tàpólì tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ àgọ́, ẹ ká etí rẹ̀ wọlé kó kéré sí ilẹ̀ àgọ́. Bí etí rẹ̀ bá yọ síta, òjò á dà sórí rẹ̀, á ṣàn wọ abẹ́ yín, ẹ̀yin á sì máa rò pé àgọ́ ló ń jò.

Fún ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ àti àgbàlagbà

Ìṣísẹ̀ bíi ọgọ́rùn-ún sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wẹ̀, ẹ má gba sáìtì etí omi nítorí rẹ̀, bó ti wù kí fọ́tò ibẹ̀ dára tó. Ìlà kejì sẹ́yìn lẹ máa gbà. Ẹ máa rí omi, ẹ sì máa rí oorun sùn.

Adágún ìgbèríko lè yí padà di àwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, ní oṣù kẹjọ pàápàá. Ohun olóró kan tó ń hù nínú omi ni, algae ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí i, tàbí tí ẹ rí àmì ìkìlọ̀ létí omi, kí ọmọ tàbí ajá kankan má wọ ibẹ̀.

Àwọn òbí wa tó ti pé ọmọ ọdún 62 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tí wọ́n ní green card, kí wọ́n gba Senior Pass, káàdì àwọn àgbà. Ó máa ń gé owó sáìtì sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀, ti Corps náà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìyá tó fi físà ìbẹ̀wò wá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ má sì fi orúkọ ìyá gba ẹ̀dínwó tí ìyá ò bá sí pẹ̀lú yín níbùdó.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń rọra bi mí: "Ṣé wọn ò ní máa wò wá níbẹ̀ yẹn?" Wọ́n lè wò yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá wò wá, òórùn sùyà ló ń fà wọ́n. Síbẹ̀, ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí: páàkì ìpínlẹ̀ tàbí ti Corps tó ní olùtọ́jú ibùdó tó ń gbébẹ̀ ni mo máa ń yàn, mo máa ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì máa ń kọ́kọ́ lọ kí olùtọ́jú náà. Tí ara yín ò bá balẹ̀ níbì kan, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ.

Ní ti ariwo, láti aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí Wasiu, kò sí gbohùngbohùn, kódà ẹ̀rín tiwa yẹn lè kọjá àlà. Bí ó bá jẹ́ ówàḿbẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ gba ilé ìpàdé páàkì lọ́sàn-án.

Fún oní-RV

Ibí ni àṣìṣe ti máa ń ná èèyàn lówó jù.

*Gígùn.* Ẹ wọn RV láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan irin ìfa àti àkàbà ẹ̀yìn. Nọ́ńbà tó wà lára orúkọ ọkọ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ gígùn rẹ̀ gan-an. Ẹ bi wọ́n bóyá gígùn sáìtì tí wọ́n kọ kan ọkọ̀ tó ń fà á náà. Ọ̀pọ̀ páàkì ìpínlẹ̀ ti wà kí RV ńlá tó dé ayé, igi àti kọ́nà wọn ò sì yí padà. Bí ọkọ̀ yín bá kọjá ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ wá sáìtì tí ẹ lè gba iwájú wọ̀ kí ẹ sì gba iwájú jáde.

*Iná.* Sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 amp ń fún yín ní watt 3,600. Amúlétutù orí òrùlé kan lè jẹ 1,500. Kẹ́túlù tí ẹ fi ń se omi ògì, 1,500 míì. Bí ẹnì kan bá tún tan máíkírówéèfù, gbogbo rẹ̀ kú, bí ìgbà tí NEPA mú un lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 50 amp jẹ́ watt 12,000, torí wáyà oníná méjì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Bí RV yín bá ní amúlétutù méjì, 50 lẹ máa wá. Bí 30 nìkan ló wà, ẹ ra okùn ìsopọ̀ tó ń mú ọkọ̀ 50 wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 30, kí ẹ sì fara mọ́ amúlétutù kan.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 amp sílé yín fún RV, ẹ sọ fún oníná náà léraléra pé 120 volt ni, kì í ṣe 240. Àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá máa ń ṣì í ṣe, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ nílé ló wà lórí wọn. Bí ẹ bá ki RV bọ 240, àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ á jó.

*Omi àti ìdalẹ̀.* "Full hookup" túmọ̀ sí iná, omi àti ihò ìdalẹ̀ lórí sáìtì yín. Kò pọ̀ ní páàkì ìpínlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àìsí rẹ̀ lé yín: ẹ pọn omi kún táǹkì nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ dà á nù nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ẹ ṣe máa dà á nù nìyí:

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ so páìpù ìdalẹ̀ mọ́ ọkọ̀, kí ẹ fi orí rẹ̀ kejì sínú ihò, kí ẹ rí i pé ó há dáadáa.
2. Ẹ ṣí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó ṣàn tán. Ẹ tì í.
3. Ẹ wá ṣí táǹkì omi ìwẹ̀ àti ìfọbọ́. Omi ọṣẹ yẹn ló máa fọ páìpù.
4. Ẹ tì í, ẹ fọ páìpù, ẹ kó o sínú àpótí tirẹ̀.
5. Okùn omi mímu ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ láé. Ẹ ra okùn méjì, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀.

Àní tí ihò bá wà lórí sáìtì yín, ẹ ti táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ pa títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, omi á ṣàn lọ, èyí tó le á kù nílẹ̀, á sì di òkè. N ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ti fẹ́ jẹun.

*Fífi ẹ̀yìn wọlé.* Ẹ gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ọwọ́ ìwakọ̀: ibi tí ọwọ́ yín bá lọ ni ìdí tírélà máa lọ. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, níbi tí ẹ ti lè rí i nínú dígí. Kí ẹ sì gbójú sókè náà; ẹ̀ka igi ló ń fa òrùlé ya.

Ìjì, eégbọn àti àwọn yòókù

Ẹ kọ orúkọ county tí ibùdó wà sórí bébà. Ìkìlọ̀ ìjì ní Amẹ́ríkà, county ni wọ́n fi ń dárúkọ ibi tó kàn. Bí rédíò bá ń kígbe "Jasper County" tí ẹ ò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ lẹ wà, ìkìlọ̀ náà ò ṣe yín láǹfààní. "Watch" túmọ̀ sí pé ó lè ṣẹlẹ̀. "Warning" túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀, ẹ dìde. Àgọ́ kì í ṣe ibi ààbò, RV náà kì í ṣe ibi ààbò. Ilé ìwẹ̀ oníbúlọ́ọ̀kù ni kí ẹ sá lọ, nítorí náà ẹ wo ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ tó ń lo bátìrì. Ní àfonífojì gúúsù ìwọ̀ oòrùn Wisconsin tàbí gúúsù ìlà oòrùn Ohio, fóònù yín lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Bí ààrá bá sán, ẹ dúró sínú ilé fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Eégbọn ńkọ́? Ní Wisconsin àti Minnesota, eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ló ń gbé àìsàn Lyme kiri. Ní Missouri àti gúúsù Illinois, oríṣi kan wà tí abo rẹ̀ ní àmì funfun kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní lone star. Bí ìyẹn bá gé èèyàn jẹ, ó lè di pé ara onítọ̀hún ò gba ẹran màlúù, ẹran ewúrẹ́ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo ayé láìsí ẹran ewúrẹ́ àti ṣàkì. Ẹ fín permethrin, òògùn apakòkòrò, sí aṣọ àti bàtà láti ilé, kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pa ara. Ti ara ni DEET. Ẹ ki sòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò: abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdí irun, ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú nítòsí awọ ara, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má fi iná sun ún, ẹ má da epo sí i.

Oúnjẹ: raccoon, ẹranko igbó kékeré kan, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Inú ọkọ̀ tí ẹ tì ni kí gbogbo oúnjẹ sùn, pàápàá irú àti ẹja gbígbẹ. Ní àríwá Wisconsin, Minnesota àti Michigan, béárì ni ó máa wá òórùn náà wá.

Ẹ fà wọ̀nyí yẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ "sanwó"

- Nọ́ńbà sáìtì, kì í ṣe orúkọ páàkì nìkan
- Gígùn àti amp, bó bá jẹ́ RV
- Iye ènìyàn, iye àgọ́, iye ọkọ̀ tí wọ́n gbà
- Òfin ajá, ọtí àti jẹnẹrétọ̀
- Ọjọ́ tí ẹ lè fagi lé e kí owó má baà wọgbó
- Orúkọ county, àti àwòrán ọ̀nà tí ẹ ti fi pamọ́ sórí fóònù

Bí gbogbo ibi bá ti kún

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀; páàkì tó kún ní Sátidé máa ń ṣófo ní Túsìdeé. Ẹ padà wò ó ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, nígbà tí àwọn èèyàn ti rí ojú ọjọ́ tí wọ́n ń fagi lé e. Ẹ yẹ oṣù kẹsàn-án wò lẹ́yìn Labor Day: ẹ̀fọn ti dín kù, èrò ti padà sílé ìwé, àmọ́ òtútù òru ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé kúbùsù tó nípọn. Ẹ wá ilé onígi kékeré ní páàkì Minnesota tàbí Iowa. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ó sì wà fún àwọn tó sọ pé àwọn ò lè sùn sílẹ̀ láéláé.

Tí kò bá tún sí, ẹ pe pápá ìpàtẹ ọdọọdún county. Ọ̀pọ̀ wọn ní sọ́kẹ́ẹ̀tì àti omi fún RV ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá ṣe ìpàtẹ. Ẹ ṣáà bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe ìdíje ká fi tírákítọ̀ fa ẹrù ní alẹ́ yẹn. Èmi ò bi wọ́n. Ìyá ìyàwó mi tún kúnlẹ̀.